"Ta Ni Mo Jẹ́ Gan-an?": Ìbéèrè Tó Ń Jẹ Ọ̀pọ̀ Ọ̀dọ́ Lọ́kàn, Àti Bí A Ṣe Lè Dúró Tì Wọ́n

Ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ tí ọmọ bá parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì. Ìyá á rán aṣọ, bàbá á pa ewúrẹ́, ẹbí àti ará á máa pè lórí fóònù láti kí wọn kú oríire. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò bá tú ká tán, tí ọmọ náà bá ku òun nìkan nínú yàrá, ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ kò dùn tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ìbéèrè kan á máa lọ, á sì máa bọ̀ lọ́kàn rẹ̀: "Iṣẹ́ tí mo kọ́ yìí, ṣé èmi ni mo yàn án? Ìsìn tí mo ń ṣe, ṣé mo gbà á gbọ́ ni, àbí torí pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí? Ta ni mo jẹ́ gan-an?"

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá la ẹnu sọ ọ́ jáde, èsì méjì ló sábà máa ń gbà. Àwọn kan á ní ọ̀lẹ ni, pé oúnjẹ ló yó tó fi ń ráyè ronú kiri. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é, pé kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni pé ọ̀rọ̀ náà jìnnà sí èsì méjèèjì. Kí ọ̀dọ́ máa wá ara rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ gbé lé e lọ́wọ́. Ohun tó lè sọ iṣẹ́ náà di ìnira fún ọkàn ni kí àwọn ẹlòmíràn gbà á ṣe fún un, tàbí kí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀ nídìí rẹ̀.

ỌKÙNRIN TÓ SỌ ARA RẸ̀ LÓRÚKỌ

Ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí di ohun tí gbogbo ayé ń kà ni Erik Erikson. Ìlú Frankfurt, ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1902. Júù ni ìyá rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ṣùgbọ́n Erik kò mọ bàbá tó bí i títí ó fi kú lọ́dún 1994. Dókítà kan tó ń tọ́jú àwọn ọmọdé, Theodor Homburger, ló fẹ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn náà, òun ló tọ́ ọ dàgbà, orúkọ rẹ̀ ló sì ń jẹ́. Bí ọmọ náà ti wà láàárín àwọn Júù, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò jọ Júù. Bó bá sì dé ilé-ìwé, àwọn ọmọ Jámánì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Júù ni.

Nígbà tó parí ilé-ìwé girama, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ayé rẹ̀ ṣe. Ọdún mélòó kan ló fi rìn kiri ilẹ̀ Yúróòpù, tó ń ya àwòrán, kó tó dé ìlú Vienna, níbi tó ti kọ́ ìmọ̀ ìtọ́jú ọkàn lọ́dọ̀ Anna Freud. Lọ́dún 1933, nígbà tí Hitler gba ìjọba, ó kó lọ sí Amẹ́ríkà. Nígbà tó di ọmọ orílẹ̀-èdè náà lọ́dún 1939, ó gba orúkọ tuntun, Erikson, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ "ọmọ Erik". Ẹ ò rí i pé ọkùnrin yìí ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ.

Ìwé kan tó gbé jáde lọ́dún 1950 ló ti pín ìgbésí ayé ẹ̀dá sí ìpele mẹ́jọ, láti ìgbà ọmọ ọwọ́ títí dé ọjọ́ ogbó. Ó ní ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ tirẹ̀. Iṣẹ́ ọmọ tó ń bọ́ sí ọ̀dọ́, lójú tirẹ̀, ni kó mọ irú ẹni tí òun jẹ́, kó sì lè so ohun tó ti jẹ́ lánàá pọ̀ mọ́ ohun tó fẹ́ dà lọ́la. Lẹ́yìn èyí ló tó kan iṣẹ́ ìpele tó tẹ̀ lé e, èyí tí í ṣe pé kó lè fi ọkàn tán ẹlòmíràn, nínú ọ̀rẹ́ tàbí nínú ìgbéyàwó. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ẹni tí kò tíì mọ ara rẹ̀, kí ni yóò gbé fún ẹni tó fẹ́ fẹ́?

Ẹ̀KA MẸ́RIN TÍ Ọ̀DỌ́ LÈ WÀ

Lọ́dún 1966, onímọ̀ mìíràn, James Marcia, mú ọ̀rọ̀ Erikson, ó sì sọ ọ́ di ohun tí a lè fi wo èèyàn. Ó fọ̀rọ̀ wá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lẹ́nu wò nípa iṣẹ́, ìsìn àti òṣèlú. Ohun méjì ló ń wò: ṣé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti wádìí, tó ti yẹ̀ ẹ́ wò? Ṣé ó sì ti yan ohun kan tó dì mú? Ẹ̀ka mẹ́rin ló rí.

Àwọn àkọ́kọ́ kò wádìí, wọn kò sì yan ohunkóhun. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí ni wọ́n ń lọ. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kejì ti yàn, ṣùgbọ́n wọn kò wádìí. Ohun tí ilé fún wọn ni wọ́n gbà. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta ṣì ń wádìí lọ́wọ́, wọn kò tíì yàn. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ti wádìí, wọ́n sì ti yàn. Kì í ṣe ẹ̀wọ̀n ni àwọn ẹ̀ka yìí o. Èèyàn lè ti inú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, kódà lẹ́yìn ogójì ọdún.

Ohun tí àwọn ìwádìí tó tẹ̀ lé e sábà máa ń fi hàn ni pé ara àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹrin máa ń balẹ̀ dáadáa. Àwọn àkọ́kọ́ ni nǹkan kì í sábà rọgbọ fún. Àwọn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí wọ́n ṣì ń wá ọ̀nà, ni àníyàn máa ń pọ̀ jù lára wọn, ṣùgbọ́n àníyàn ẹni tó ń rìnrìn àjò ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló yẹ kí àwa òbí nílẹ̀ Yorùbá fara balẹ̀ wò dáadáa. Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ ti ń pè ní "Dókítà" láti ìgbà tó ti wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ràn, ó ń ka ìwé rẹ̀, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Gbogbo èèyàn ló ń yin òbí rẹ̀. Àfi ìgbà tó di pé ó kùnà nínú ìdánwò kan, tàbí tí àwọn olùkọ́ ní kó lọ kọ́ nǹkan mìíràn. Ẹlòmíràn tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí pàdánù iṣẹ́ kan ni. Ọmọ tiwa yìí pàdánù orúkọ kan ṣoṣo tó mọ̀ pé òun ń jẹ́. Ìdí nìyí tí ìjákulẹ̀ tí kò tó nǹkan lójú àgbà fi lè wó ọmọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí akọni mọ́lẹ̀.

KÍ LÓ DÉ TÓ FI Ń PẸ́ TÓ BẸ́Ẹ̀ LÓDE ÒNÍ?

Láyé àtijọ́, ọmọ tó bá pé ogún ọdún ti lè ní oko tirẹ̀, kí ìyàwó má jìnnà sí i. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bẹ nílùú, iṣẹ́ ilé rẹ̀ ń bẹ nílẹ̀: ọmọ àgbẹ̀ ń roko, ọmọ alágbẹ̀dẹ ń rọ irin. Lónìí, nǹkan ti yí padà. Lọ́dún 2000, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà kan, Jeffrey Arnett, kọ̀wé pé láwọn ìlú tó ti gòkè àgbà, ìgbà kan ti wọ àárín ìgbà ọ̀dọ́langba àti ìgbà àgbà. Ó ní láti bí ọmọ ọdún 18 sí 25, èèyàn kì í ṣe ọmọdé mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì rí ara rẹ̀ bí àgbà.

Ní Nàìjíríà, yíyàn nìkan kọ́ ló ń fa ìgbà yìí gùn. Ìdádúró pọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò JAMB lọ́dún kan ju mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lọ, àìmọye wọn ni kì í sì í rí àyè wọlé. Ẹni tó fẹ́ kọ́ nípa òfin, ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ tí kò béèrè ni wọ́n máa fún un. Ẹni tó tún ríbi wọlé, ìyanṣẹ́lódì ń dúró dè é: èyí tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe lọ́dún 2020 gba nǹkan bí oṣù mẹ́sàn-án, tọdún 2022 sì gba oṣù mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà ni ọdún kan tí yóò fi sin ilẹ̀ baba rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Ibi tó bá ti ń wáṣẹ́, àwọn ojúgbà rẹ̀ á máa fi mọ́tò àti ìyàwó tuntun han ara wọn lórí Instagram àti TikTok. Kò sí ẹni tó ń gbé omijé rẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá fi ẹ̀yìn ilé tirẹ̀ wé ojúde ẹlòmíràn, kò ní pẹ́ tí yóò fi rò pé òun nìkan ni ayé fi sílẹ̀.

OHUN TÍ ÀWỌN BABA WA TI SỌ NÍPA RẸ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ ká rò pé àwọn òyìnbó ló kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọmọ Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ lófo: ó ní orúkọ, ó ní oríkì, ó ní orílẹ̀. Bí ìyá bá ń ki ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, ó ń sọ fún un pé àwọn kan ti wà ṣáájú rẹ̀, àti pé ara wọn ló ti wá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ló tún sọ pé olúkúlùkù ló yan orí tirẹ̀.

Ìtàn kan wà nínú Ògúndá Méjì nípa àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí wọ́n ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sí ayé: Oríseékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ yan orí ní ilé Àjàlá, amọ̀kòkò tó ń mọ orí. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kò yà síbì kan. Wọ́n wọlé, wọ́n mú orí tó dùn ún wò, wọ́n jáde. Òjò pa orí náà lọ́nà, ó sì fọ́ yángá, nítorí pé kò jinná. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ ní òun gbọ́dọ̀ rí bàbá òun kí òun tó lọ. Bàbá rẹ̀ dífá fún un, ó fún un ní ohun tí yóò mú dání. Lójú ọ̀nà, ó fi iyọ̀ ran ẹnìkan lọ́wọ́, ó bá Àjàlá san gbèsè, Àjàlá fúnra rẹ̀ sì bá a wá orí tó le. Òjò rọ̀, orí Afùwàpẹ́ kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ wo ohun tí bàbá yẹn ṣe. Kò bá ọmọ rẹ̀ yan orí. Kò sì ní kó máa lọ, pé ó ti dàgbà. Ó fún un ní ìmọ̀ràn àti ohun àmúlọ́wọ́, ó sì jẹ́ kó lọ. Àárín méjèèjì yẹn gan-an ni ibi tó ṣòro jù fún òbí láti dúró sí.

ỌMỌ TÍ KÒ RÍ ÌDÍ RẸ̀

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tí kò rí ilé kankan yà sí lójú ọ̀nà? Láti bí ọdún 1950 sí i, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tó lọ kàwé ní Bìrìtéènì ló ń san owó fún ìdílé òyìnbó láti bá wọn tọ́ ọmọ, kí wọ́n lè ráyè ṣiṣẹ́ kí wọ́n sì kàwé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ló gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ náà kò jọ àwọn òbí lójú, nítorí pé ọmọ Yorùbá ti ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àti ìyá àgbà láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yìí ni Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí ọ̀pọ̀ mọ̀ nínú eré Oz àti Lost. Ọdún 1967 ni wọ́n bí i ní London, Yorùbá ni àwọn òbí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ló lò láyé tí wọ́n fi gbé e fún ìdílé òyìnbó kan nílùú Tilbury. Nígbà tó di bí ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá, kò sì mọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n tún dá a padà. Ní Tilbury, àwọn ọmọọ̀ta òyìnbó tí wọ́n ń fá orí, tí wọ́n kórìíra aláwọ̀ dúdú, ń lù ú. Kí ni ọmọ náà ṣe? Ó dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀ débi tó fi ń bá àwọn tó kórìíra rẹ̀ rìn, ìgbà kan sì wà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọlọ́run yọ ọ́. Ó padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin ní King's College London, ó sì fi ìtàn náà ṣe fíìmù kan, Farming, tó jáde lọ́dún 2018.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ọmọ tó bá dàgbà láàárín àṣà méjì ti gbé. Ìwádìí ńlá kan tí John Berry, ọmọ Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2006, wo àwọn ọ̀dọ́ tó ju 5,000 lọ tí ìdílé wọn ṣí lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ní orílẹ̀-èdè 13. Àwọn tó di àṣà ilé wọn mú, tí wọ́n sì gba ti ibi tí wọ́n ń gbé, ni nǹkan rọgbọ fún jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́mọ ní London tàbí Houston, èdè tí ẹ ń bá ọmọ sọ nílé kì í ṣe ẹrù tí ẹ ń dì lé e lórí. Ilé tó lè yà sí ni.

NÍGBÀ TÍ ÌWÁRÍRÍ BÁ DI ÀÌSÀN

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní wíwá ara ẹni? Lọ́dún 2008, Koen Luyckx àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Belgium ṣàlàyé pé wíwádìí pé oríṣi méjì. Ẹnìkan ń wádìí, ó ń béèrè, ó ń dán nǹkan wò. Ẹnìkejì ń yí po lójú kan, ó ń ro ìbéèrè kan náà láàárọ̀ lálẹ́, kò gbé ẹsẹ̀. Ti ẹnìkejì yìí ló ń bá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àníyàn rìn.

Ó sì yẹ ká rántí pé lára ni ìdààmú ọkàn ti sábà máa ń kọ́kọ́ hàn lọ́dọ̀ wa. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, dókítà ọmọ Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń ta, tí ojú ń ṣú, tí ohun tí wọ́n kà kì í dúró lórí. "Brain fag" ni wọ́n ń pè é. Àwọn onímọ̀ ti fi hàn lẹ́yìn náà pé orúkọ yìí ti wà ní Bìrìtéènì látijọ́, ọ̀pọ̀ dókítà kò sì kà á sí àìsàn ọ̀tọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ìyà tó ń jẹ àwọn ọmọ náà kì í ṣe irọ́. Ọmọ kan ṣoṣo tí gbogbo ẹbí dáwó rán lọ sílé-ìwé kò ru ìwé nìkan. Gbogbo ilé ló rù. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ.

Ìwádìí kan láti Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2005, fi hàn pé ìdajì àwọn àìsàn ọpọlọ tó ń bá èèyàn láyé ló ti máa bẹ̀rẹ̀ kó tó lé ní ọmọ ọdún 14, tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin á ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá fi máa pé 24. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì sọ pé ní 2021, gbígba ẹ̀mí ara ẹni ló wà ní ipò kẹta nínú ohun tó ń pa àwọn ọmọ ọdún 15 sí 29 káàkiri ayé. Nítorí náà, ẹ fura bí ẹ bá rí àwọn àmì wọ̀nyí tó ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ: oorun tó dá tàbí tó pọ̀ lápọ̀jù, oúnjẹ tí kò wọlé mọ́, kíkúrò láàárín ọ̀rẹ́, àìbìkítà sí ohun tó ń múnú rẹ̀ dùn tẹ́lẹ̀, ọtí tàbí oògùn olóró. Bó bá ń sọ pé ó sàn kí òun kú, tàbí tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún èèyàn, tàbí tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ náà ni kí ẹ gbé ìgbésẹ̀.

KÍ LÓ YẸ KÍ A ṢE?

Òbí, ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí. Bí ọmọ bá ní òun kò fẹ́ iṣẹ́ tí òun ń kọ́ mọ́, ẹ má fi ègún bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í pé: "Kí lo rí? Kí lo fẹ́ dán wò? Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá ó dára?" Ìbéèrè yìí ló ń sọ yíyí po di wíwádìí. Bí ẹ bá sì bẹ̀rù pé ó ń ro ikú, ẹ bi í tààrà, pẹ̀lú ìfẹ́. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ó sábà máa ń tú ẹni tó ti ń dá gbé e ká sílẹ̀ ni. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, ẹ sì mú un lọ sí ọsibítù.

Ọ̀dọ́, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Wá ẹnìkan tó o lè fọ̀rọ̀ lọ̀, ì báà ṣe àbúrò bàbá, olùkọ́, pásítọ̀ tàbí ìmáàmù. Má dúró dìgbà tí gbogbo ìdáhùn bá pé kó o tó gbé ẹsẹ̀. Kọ́ iṣẹ́ kékeré kan, yọ̀ǹda ara rẹ fún ìrànlọ́wọ́ níbì kan, béèrè ìtàn ilé yín lọ́wọ́ àgbà. Ibi ìṣe ni èèyàn ti ń mọ ara rẹ̀, kì í ṣe orí ibùsùn.

Bó bá sì di ọ̀rọ̀ ìtọ́jú, àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ọsibítù ìjọba tó ń tọ́jú ọpọlọ wà ní Yábàá l'Ékòó àti ní Aro, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà láwọn ọsibítù yunifásítì. Kì í ṣe ilé wèrè. Ní Aro yìí kan náà, lọ́dún 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí gbogbo ayé wá kọ́: àwọn aláìsàn ń gbé láàárín àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, ìbátan wọn wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ń lọ gba ìtọ́jú lójú mọmọ. Ohun tí Lámbò mọ̀ ni pé ọkàn tó dàrú kì í sàn ní àdádó. Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Nàìjíríà sì buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, èyí tó dá ẹ̀tọ́ aláìsàn mọ̀, tó sì fi òpin sí òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn òyìnbó amúnisìn.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Bí ọmọ yín bá béèrè lọ́la pé ta ni òun jẹ́, ẹ má bínú, ẹ má sì yára dá a lóhùn. Ẹ fún un ní àga kó jókòó. Ẹ sọ ìtàn ilé fún un, títí kan àwọn ibi tí ẹ̀yin náà ti ṣìnà. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó lọ yan orí tirẹ̀, kó sì mọ̀ pé ilẹ̀kùn ilé ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nígbàkigbà tí òjò bá ká a mọ́ ọ̀nà.